Ohun tí Fèrè Síkírà Sọ ní Ẹ̀pẹ́

Ètè ọmọ ni mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó gbà á sínú ẹgbẹ́ afunfèrè ilé ìwé wa. N kì í bèèrè ipò tó gbà ní kíláàsì, n kì í sì í bèèrè iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Màá yọ ẹnu fèrè, ìyẹn irin kékeré tí à ń gbé sétè, màá nù ún dáadáa, màá gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, màá ní, "Ó yá, gbọn ètè rẹ." Bó bá dún bí eṣinṣin tó há sínú ìgò, ọmọ ti wọlé nìyẹn. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde, màá gba ẹnu fèrè mi padà, màá ní, "Lọ bá wọn lu ìlù." Àwọn onílù mi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ mí. Ẹnu mi mú, n kò sì lè sọ pé kò mú.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá sí Ìkòròdú, ibẹ̀ la ti háyà ilé, ibẹ̀ náà ni mo ti di olùkọ́ orin ní ilé ìwé girama kan. Ẹni tó kọ́ mi ní fèrè ni Bàbá Jóòbù, olórí àwọn afunfèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé. Bàbá yìí kì í jẹ́ ká fun orin kankan àfi bí a bá kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ sí i. "Ìyábọ̀," wọ́n á ní, "fèrè tí kò bá sọ̀rọ̀, ariwo ló ń pa." Ẹ̀yin náà ẹ rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní àmì ohùn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè. Ohun tí Bàbá Jóòbù ń lò nìyẹn gan-an. Bí ọmọ bá ti ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn, ìka rẹ̀ kò ní ṣìnà. Mo gba ọ̀nà yìí lọ́wọ́ wọn, n kò sì fi í sílẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí àwọn tó ti jáde ní ilé ìwé wa dáwó ra fèrè àti ìlù fún wa, mo jókòó, mo fi ọwọ́ ara mi ṣe orin kan tí a ó máa fi yan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le rárá: "Ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jẹ́ ká lọ, ọ̀nà ti yá." Re mí mí re, re mí mí re, dò dò re mí. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo fèrè á dákẹ́ díẹ̀, ìlù nìkan á máa lọ, kí àwọn ọmọ lè rí èémí gbà, ká tó tún un bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé ìwé fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ta bisikíìtì lẹ́nu géètì pàápàá á máa kọ ọ́ bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè. Inú mi dùn débi pé èmi náà kì í rìn mọ́, mò ń yan ni.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń gba àwọn ọmọ tuntun ni Síkírà dé. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ le. Ó gbọn ètè, ó dún. Mo nawọ́ sí àwọn fèrè kéékèèké pé kó mú ọ̀kan. Ó ní òun ò fẹ́ ìyẹn. Ó nawọ́ sí fèrè ńlá, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tí ihò tí ohùn ń gbà jáde lára rẹ̀ fẹ̀ bí agbada tí wọ́n fi ń din ẹja. Gbogbo àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ìwọ yìí? Fèrè yẹn tóbi jù ẹ́ lọ."

Ó ní, "Mà, bàbá mi máa ń sọ pé ọkọ̀ kì í tóbi ju ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lọ."

Mo gbé fèrè náà kọ́ ọ lọ́rùn, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀, ó dúró.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Bàbá tó ń fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ ọmọ yìí, Àlàájì Músíbáù, ló ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, inú rẹ̀ kò sì dùn nígbà tó gbọ́. Kò ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá sí Ìkòròdú. Ojúgbà mi ni lọ́jọ́ orí, èmi àti ẹ̀ jọ le lójú. Ó kí mi dáadáa, ó jókòó, ó sì sọ ohun tó bá a wá.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ọmọ obìnrin ni mo bí. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wá wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn, ta ló máa fẹ́ ẹ?"

Mo ní, "Àlàájì, ẹ wo tèmi. Kékeré ni mo ti ń fun fèrè, mo sì rí ọkọ fẹ́. Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú?"

Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni tó ń wo pákó tó fẹ́ rà. "Tíṣà," ó ní, "ẹ má bínú o, ó wú díẹ̀."

"Oúnjẹ nìyẹn!" ni mo pariwo. "Kì í ṣe fèrè!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo ti rí i. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ló wá bá mi ṣe àdéhùn. Ìdíje àwọn ẹgbẹ́ afunfèrè ilé ìwé ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀ náà la sì máa gbà lọ sí pápá. "Màá wá gbọ́ ọ," ó ní. "Bí ohun tí mo gbọ́ bá tẹ́ mi lọ́rùn, kó máa fun ún lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀tẹ́ lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe lójú àwọn ará ilé mi, ọjọ́ yẹn ló máa gbé e kalẹ̀, màá sì mú un padà sí Ẹ̀pẹ́, kó máa lọ sí ilé ìwé tí ojú mi ti máa tó o." Mo ní ó dáa. Síkírà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Ètè rẹ̀ bó, ó fi òrí pa á, ó ń fun ún lọ. Irin fèrè náà ń wọ̀ ọ́ léjìká, ló bá fi aṣọ àlòkù ká òṣùká, ó dè é mọ́ èjìká bí ẹni tó fẹ́ fi èjìká ru garawa omi. Àbúrò ìyá rẹ̀ ní bí òun bá ń sùn lọ́wọ́, ẹnu fèrè lásán ni Síkírà á máa fi kùn bí ẹ̀fọn nínú yàrá. Dò rẹ̀ dára, ó máa ń mi àyà ẹni. Re rẹ̀ dára. Mí ni kò gbà fún un. Bó bá ti fẹ́ gun òkè, ohùn á já, á di bíi ti ewúrẹ́. Mo sọ fún un pé kó má da ara rẹ̀ láàmú, dò àti re nìkan ni mo kọ fún fèrè ńlá nínú orin wa. Ó ní, "Mà, ohun tí kò sí nínú orin lónìí lè wà níbẹ̀ lọ́la." Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, kó máa fun dò rẹ̀.

Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ní ariwo wa ń fọ́ òun lórí, la bá ń kó fèrè lọ sí etí omi ní Ìpakodò bí ilé ìwé bá ti parí. Mo rò pé a ti rí ibi gbé e gbà. Ọjọ́ kìíní tí Síkírà fi agbára fun dò ní tòsí èbúté, àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀ rò pé ọkọ̀ ló ń pè wọ́n. Ẹni tó ń jẹun ju abọ́ sílẹ̀. Ìyá kan pọn ọmọ láàbọ̀, ó ń sáré. Wọ́n rọ́ dé etí omi, wọn ò bá ọkọ̀ kankan tó fẹ́ gbéra. Ọkùnrin tó ń bójú tó èbúté wá bá mi, òógùn bò ó.

"Madam, abeg, na you be captain?"

Mo bẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín ń pa mí. Láti ọjọ́ náà, apá ibi tí wọ́n ń wa yanrìn sí la ń lò, a sì kọjú fèrè sí omi.

Ọjọ́ ìdíje pé. A sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọjà ẹja, mo to àwọn ọmọ, mo tún ọrùn aṣọ wọn ṣe, a bẹ̀rẹ̀ sí í yan. Fèrè kéékèèké wà níwájú, ìlù tẹ̀ lé wọn, Síkírà wà lẹ́yìn pẹ̀lú òṣùká rẹ̀. Àwọn ènìyàn jáde. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ayọ̀ ni. Bí a ṣe ń lọ, ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ létí mi, ó ń jọ ẹ̀rín ẹni tó ń wo ìjà. Nígbà tí a dé àdúgbò kejì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá arúgbó kan na ọ̀pá sí wa: "Ta lẹ ń bú?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo ju ọwọ́ sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n fun ún sókè sí i. Ẹ wo ìwà!

Ìyá arúgbó kan jókòó síwájú ilé kan lápá ọ̀tún. Ìyá Àgbà ni wọ́n, ìyá tó bí Àlàájì Músíbáù. Bí àwọn fèrè ṣe parí, tí ìlù nìkan ń lọ, ìyá yìí dìde dúró, wọ́n fi ọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n sì ké sí wa pẹ̀lú gbogbo agbára wọn: "A ò sá o, a ṣí ni!"

Ibẹ̀ ni Àlàájì ti jáde, ó dúró sí àárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì. A dúró.

"Tíṣà, kí lẹ ní kí fèrè yín máa sọ?"

"'Ẹ jẹ́ ká lọ' ni, Àlàájì. 'Ẹ jẹ́ ká lọ, ọ̀nà ti yá.'"

"Rárá o. Ohun tí gbogbo àdúgbò yìí gbọ́ ni, 'Ẹ fẹ́ sá lọ, ẹ fẹ́ sá lọ, ìjà ti dé.'"

Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo la ẹnu, mo fi imú kùn ún díẹ̀: re mí mí re. Yéè! Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ fẹ́ sá lọ. Ọ̀nà ti yá. Ìjà ti dé. Ohùn kan náà ni, kò fi ibì kan yàtọ̀! Àwa tí a mọ ọ̀rọ̀ tiwa ní Ìkòròdú, etí wa kò lè gbọ́ òmíràn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n fi ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́kàn wọn sí i.

Ẹni tí kò bá mọ Ẹ̀pẹ́ lè ní kí ló burú níbẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn baba ńlá Àlàájì àti ti àwọn ará àdúgbò rẹ̀ bá ọba wọn wọkọ̀ kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́yìn ogun, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti di onílé níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀, bí àwọn aládùúgbò tí baba ńlá wọn ti wà ní Ẹ̀pẹ́ ṣáájú bá fẹ́ fi Ìyá Àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá wá," ìyá á sì dá wọn lóhùn pé, "A ò sá o, a ṣí ni." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí aládùúgbò ń bá ara wọn ṣe, bí àlejò bá gbé e dé pẹ̀lú fèrè àti ìlù, èébú ni. Ojú tì mí. Ara mi gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe.

"Síkírà," ni Àlàájì sọ, kò pariwo, "gbé e kalẹ̀."

Ọmọ náà kò gbé e kalẹ̀. Ó di fèrè mú, omijé kún ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dé pápá."

Mo bọ́ síwájú. "Àlàájì, àṣìṣe mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ sì rántí àdéhùn wa. Fèrè àwọn tó wà níwájú lẹ gbọ́, ẹ ò tíì gbọ́ ti ọmọ yín."

Ó pòṣé. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. "Mò ń bọ̀ ní pápá," ó ní. "Ibẹ̀ náà ló máa parí sí."

A kó ara wa sẹ́yìn kíláàsì kan níbi ìdíje náà. Àwọn ọmọ ti bẹ̀rù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lu ìlù ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká fun orin orílẹ̀-èdè nìkan ká máa lọ sílé."

Mo ní, "Orin orílẹ̀-èdè? Kí gbogbo ènìyàn dìde, kí wọ́n tún jókòó, ká wá máa lọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" N kò ní orin mìíràn tí wọ́n mọ̀ dáadáa, n kò sì fẹ́ sá. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: àní n kò fẹ́ sá.

Síkírà nu ojú. "Mà, fèrè kéékèèké ti bi Ìyá Àgbà ní ọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà sì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí fèrè tèmi náà dáhùn. Àyè wà lẹ́yìn 'ọ̀nà ti yá', ibi tí ìlù nìkan ti ń lọ."

Mo kùn ún: A ò sá o, a ṣí ni. Re dò mí re, re mí re. Ó wọ àyè náà bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà. Ohun kan ṣoṣo ló kù: mí wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Bí "sá" kò bá gòkè, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan.

Ó gbìyànjú rẹ̀, ohùn já. Ó tún un ṣe, ewúrẹ́ ké. Mo rántí Bàbá Jóòbù. Mo ní, "Síkírà, má fun 'mí'. Sọ ọ̀rọ̀ náà. Sọ ọ́ bí Ìyá Àgbà ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí." Kó tó tún gbìyànjú, wọ́n ti pe orúkọ ilé ìwé wa.

Pápá kún. Mo rí Àlàájì pẹ̀lú Ìyá Àgbà ní ìlà iwájú, ojú wọn kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn fèrè kéékèèké wọlé: Ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jẹ́ ká lọ, ọ̀nà ti yá. Kùn-ún, kùn-ún ni àwọn ènìyàn ń ṣe. Mo rí i tí Àlàájì fẹ́ dìde. Fèrè dákẹ́, ìlù ń lọ.

Síkírà tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò lè fi ọwọ́ sí ìbàdí, fèrè gba ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju ìbàdí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti ìyá rẹ̀ àgbà gẹ́lẹ́. Ohùn ńlá kan jáde, ó nípọn, ó mọ́: A ò sá o, a ṣí ni.

Mí dúró. Kò já! Mo fẹ́ ké, mo fi ètè mú un.

Ohùn Ìyá Àgbà ni mo kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n gbá itan wọn: "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ o! Ọmọ mi ń dá wọn lóhùn!" Ẹ̀rín bú ní gbogbo pápá, ẹ̀rín gidi. Nígbà tí a tún orin náà bẹ̀rẹ̀, apá kan nínú èrò ń kọ ọ́ pẹ̀lú àwọn fèrè kéékèèké: "Ẹ fẹ́ sá lọ!" Apá kejì dúró de Síkírà, wọ́n bá a ké e: "A ò sá o, a ṣí ni!" Wọ́n ń na ìka sí ara wọn, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Àlàájì ti gun orí ìjókòó, fìlà ti bọ́, kò mọ̀.

"Síkírà!" ó ń pariwo. "Síkírà, tún un sọ!"

Sọ ni o. Kò ní kó tún un fun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ ní fèrè, n kò tíì gba ẹ̀bùn tó dùn mọ́ mi tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwọn adájọ́ kò fún wa ní ipò kankan. Wọ́n ní ariwo èrò kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ fèrè wa dáadáa. Ó dùn mí, mo sọ tẹnu mi fún wọn, ọ̀gá ilé ìwé wa ló fà mí kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í gbé orin tuntun dé ìlú kankan láìkọ́kọ́ wá àgbàlagbà ibẹ̀ kan, kí n fun ún fún wọn, kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́?" Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Nígbà tí a ń padà síbi ọkọ̀ wa, Àlàájì gba fèrè ńlá lọ́rùn ọmọ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀, ó ń rìn pẹ̀lú wa láàárín ọjà ẹja, ó ń kí gbogbo ènìyàn.

"Tíṣà, ọjọ́ wo lẹ tún ń kọ́ wọn?"

"Ọjọ́ Ajé, Àlàájì."

"Á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi máa ṣọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ o."

Lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ẹnu fèrè sétè, ó fẹ́ ẹ. Fùùù. Afẹ́fẹ́ lásán. Ó tún un fẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Fùùù. Síkírà rọra gba fèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó yọ ẹnu rẹ̀, ó nù ún dáadáa bí mo ṣe máa ń nù ún. Ó kúnlẹ̀ fún un, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ lọ bá wọn lu ìlù."